Òkété àti Òrùlé Tí Kò Parí

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó balẹ̀ sórí ilé Òkété. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

Ní ìgbà kan rí, Òkété ni olórí ẹgbẹ́ àáró. Bí wọ́n bá ro oko ẹnìkan lónìí, wọn á ro ti ẹlòmíràn lọ́la. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi ni Òkété máa ń jókòó sí ní tirẹ̀, á máa pariwo: "Ọ̀yà, ṣé o ti kú ni? Ìgalà, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lásán!" Kò mọ "ẹ kú iṣẹ́" í sọ. Wọ́n ń gbé e mì.

Ìyàwó Òkété bímọ, òjò sì ń ṣú. Òrùlé wọn ti jẹrà. Òkété bá bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ọlọ́wẹ̀. Ó ní kí ìyàwó òun se ọbẹ̀ ìkòkò méjì: omi ata fún ọlọ́wẹ̀, ẹja àrọ̀ fún òun.

Ìyàwó ní: "Olówó orí mi, bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ẹ bọ́ wọn dáadáa."

"Àwọn wọ̀nyẹn? Omi ata ti pọ̀ jù fún wọn!"

Nígbà tí àwọn ọlọ́wẹ̀ dé, tí wọ́n ṣí òrùlé àtijọ́ kúrò, Òkété gbé ẹja wọ yàrá, ó ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ọlọ́gbọ́n òmùgọ̀! Òrùlé mà ni wọ́n ń bá a ṣe! Ọ̀yà tó wà lókè wo ìsàlẹ̀, ó rí Òkété, ó ti ki orí bọ ìkòkò. Ó fọwọ́ tọ́ Ọ̀bọ tí wọ́n jọ wà lókè. Ọ̀bọ náà wò. Ẹnìkan ò jà. Ọ̀yà ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọ̀bọ ní ìyá òun ń pe òun. Ìgalà tó ń na koríko sí wọn kò tilẹ̀ wá àwáwí. Ó gbọnwọ́, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni òjò dé bá òrùlé tí kò parí. Ọmọ tuntun ń gbọ̀n, kò lè sunkún mọ́. Òkété gbé e, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà Ọ̀yà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Olórí wa?"

Òkété na ọmọ sí i. Ọ̀yà gba ọmọ, ó gbé e sún mọ́ iná títí ara rẹ̀ fi móoru. Kò bú Òkété. Ìbá bú u, ìbá sàn! Ìtìjú mú Òkété, ó kọjú sógiri títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti gbẹ́ ihò, tí kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun lọ́sàn-án.

Ìdí àlọ́ mi rèé, kò gùn: olórí tó bá sọ ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ di ẹni ẹ̀gàn, ọmọ rẹ̀ ni òjò yóò kọ́kọ́ pa.