Bàtà Tó Sùn Sẹ́yìn Òjòwú

“Ta ni o fún ní ìborùn rẹ?”

Ọkùnrin kan ló béèrè bẹ́ẹ̀ lórí òkè, nínú òtútù, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Inú ìbéèrè yẹn ni òwe kan ti jáde, tí àwọn Yorùbá tó ń gbé ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Kánádà fi ń bá ara wọn wí títí di òní. Ó ti bá ìpè fóònù délé báyìí, tó fi jẹ́ pé àwọn tí kò fojú kan òjò dídì rí náà ń pa á: “Bàtà tí òjòwú ń wá lẹ́sẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn òjòwú ló sùn sí.” Ẹ̀yin náà lè ti gbọ́ ọ. Ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Irú bàtà wo ló ń sùn sẹ́yìn ènìyàn bí ọmọ ọwọ́?

Bàtà ajọ̀ ni. Ní ìlú yẹn, tí ìgbà òtútù bá dé, òjò dídì á bo ọ̀nà òkè, á jìn débi pé ẹni tó bá fi bàtà lásán tẹ̀ ẹ́ á rì dé itan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní bàtà kan tó fẹ̀ bí ajọ̀ tí à ń fi jọ èlùbọ́, tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ bàtà tí wọ́n wọ̀, kí ẹsẹ̀ má baà rì. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti le, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e sí. Ó di òkè kí wọ́n tó so ó mọ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá ìlú náà a máa gun òkè yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ṣáájú wọn. Wọ́n á rìn dé ahéré onígi kan lókè, wọ́n á dáná, wọ́n á jẹun, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀.

Ọláìtán wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Nígbà tí ìrìn ọdún kan ku díẹ̀, ó sọ fún Fẹ́hìntọlá pé òun fẹ́ fi í ṣe aya. Fẹ́hìntọlá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Jẹ́ ká dé ahéré òkè ná. Ibẹ̀ ni mo ti máa dá ẹ lóhùn.” Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Ọláìtán kò ti balẹ̀ mọ́.

Gbádébọ̀ ló tún wá da iyọ̀ sójú egbò. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìkirè, kò tẹ òjò dídì rí. Níbi tí wọ́n gbé mọ́tò sí, Fẹ́hìntọlá di ìgunpá rẹ̀ mú, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà ajọ̀ rìn.

“Ya ẹsẹ̀ rẹ! Má rìn bí ìyàwó tí ìró rẹ̀ fún mọ́ ọn.”

“Àǹtí, tí mo bá ya á jù, ta ló máa bá mi pa á dé?”

Ẹ̀rín bú. Ọláìtán kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìró yẹn gan-an ni Fẹ́hìntọlá sọ fún òun náà ní ọdún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe di òun náà nígunpá mú. Ó ti rò pé tòun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Àṣé gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ ọ ló ń gbọ́ ọ!

Kódà nígbà tí Fẹ́hìntọlá ti fi í sílẹ̀, tó ku Gbádébọ̀ nìkan, tó ń gbé ẹsẹ̀ tàgétàgé, Ọláìtán kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ nǹkan kan nípa okùn. Ọláìtán ní, “Ẹn, ẹn,” kò bojú wẹ̀yìn. Ó mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan fa àpò ẹ̀yìn òun díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wù òtútù méjì tó wọ̀ lé ara wọn kò jẹ́ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n gbéra.

“Ọláìtán, bọ́ síwájú,” Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí ké sí i. “Ṣebí ìwọ lo máa ń tẹ̀ lé mi.”

“Ẹ jẹ́ kí n wà lẹ́yìn, Bàbá. Mo fẹ́ máa mójú tó àwọn tí kò mọ̀nà.”

Irọ́ ni. Ó fẹ́ rí gbogbo wọn, kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀ kó má ṣojú òun. Lóòótọ́, ẹni tó kẹ́yìn ń rí ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ta ló ń rí ẹ̀yìn tirẹ̀?

Ìborùn pupa kan wà tí Fẹ́hìntọlá kì í bọ́ lọ́rùn nígbà òtútù. Ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti ilé. Níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà, ó yíjú padà, Ọláìtán sì rí i pé ọrùn rẹ̀ ṣófo. Bó ṣe wo ẹ̀gbẹ́ Fẹ́hìntọlá báyìí, nǹkan pupa ló yọ lọ́rùn ẹ̀wù Gbádébọ̀. Àyà Ọláìtán gbóná débi pé kò mọ òtútù mọ́. Ìgbàkígbà tí Gbádébọ̀ bá yọ̀, tí Fẹ́hìntọlá sì nawọ́ dì í mú, ó ń ṣe é bíi pé wọ́n ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ òun. Ìdáhùn tó ń retí ní ahéré, wọ́n ti fún ẹlòmíì lójú ọ̀nà.

Nígbà tí òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ẹsẹ̀ dé orúnkún, Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí ní kí wọ́n so bàtà ajọ̀. Olúkúlùkù sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ọláìtán wo ọwọ́ rẹ̀, òfo. Ó wo ilẹ̀, òfo. Ó rántí pé okùn tí òun fi ń so ó mọ́ àpò já ní ìsàlẹ̀, tí òun sì gbé e ti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò mọ̀. Ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Gbádébọ̀. Bàtà ajọ̀ aláwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀, bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́.

“Bọ́ bàtà mi!”

“Bàtà yín kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Ẹgbẹ́ ló yá mi o. Tí mo bá máa jalè, ṣé bàtà tó ń mú mi rìn bí pẹ́pẹ́yẹ ni n ó wá jí?”

“O jí bàtà, o tún gba ìborùn mọ́ ọn.” Ó yíjú sí Fẹ́hìntọlá. “Ta ni o fún ní ìborùn rẹ?”

Fẹ́hìntọlá wò ó láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wo àlejò.

Gbádébọ̀ fa sípù ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀: súwẹ́tà pupa ló wọ̀ sínú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó tú bàtà ajọ̀ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ọláìtán. “Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n. Kó má dìjà.” Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan, ó rì dé itan.

Ó yẹ kí Ọláìtán dúró níbẹ̀. Kò dúró. Ó já bàtà náà gbà, ó ní òun á dá lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó dojú kọ òkè.

Láti òwúrọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rí ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ọláìtán,” Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí sọ pẹ̀lẹ́, “sọ ọmọ rẹ kalẹ̀ kó jẹun. Ó ti sùn sẹ́yìn rẹ láti ìsàlẹ̀.”

Ọláìtán na ọwọ́ sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ba etí bàtà ajọ̀. Ó bọ́ àpò rẹ̀ kíá. Bàtà aláwọ̀ ewé rẹ̀ méjèèjì wà lára àpò náà, wọ́n gbá wọn mọ́ ọn pinpin bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já gbá ọmọ, tí wọn kò fi mì rárá. Ohun tí wọ́n sì fi gbá wọn ni ìborùn pupa.

“Mo ní kí o dúró kí n bá ẹ so ó,” ni Fẹ́hìntọlá wí. “O ní ẹn, ẹn.”

Gbádébọ̀ ló bá Ọláìtán tú kókó náà. Fẹ́hìntọlá gbà láti fẹ́ ẹ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ahéré ló ti sọ ọ́; òjò dídì ọdún náà ti yọ́ tán kó tó la ẹnu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí àwọn àgbà ibẹ̀ bá rí ẹni tó ń bá aládùúgbò jà nítorí ohun tí wọ́n ti fún òun fúnra rẹ̀, tàbí ọkọ tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ àlejò nígbà tí ìyàwó ń bu oúnjẹ sínú àwo tirẹ̀, wọn kì í bá a ro ẹjọ́ púpọ̀. Wọ́n á ní kó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀ wò ná: bàtà tí òjòwú ń wá lẹ́sẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn òjòwú ló sùn sí.