Ẹja Méje Inú Ìgò

Àwọn apẹja ebúté wa a máa sọ pé, "Rírí eegun ẹja kọ́ ni mímọ ẹja." Àlejò tó bá gbọ́ ọ a máa rẹ́rìn-ín: ẹja wo ni eegun rẹ̀ ń hàn kí ọ̀bẹ tó kàn án? Ẹja Ṣówándé ni.

Ogójì ọdún ni Ṣówándé ti ń pẹja, ó sì fẹ́ràn kó máa fi yangàn. Àna rẹ̀, Adéròkú, ọkọ Mosún ọmọ rẹ̀, kò mọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wà. Oúnjẹ ló ń sè nínú ọkọ̀ òkun, nítorí náà bàbá ìyàwó rẹ̀ kò kà á kún.

Lọ́dún kan, Adéròkú ti ìrìn àjò Éṣíà dé, ó gbé ẹja kéékèèké méje sínú ìgò. Wọn kò ní ìpẹ́, irùngbọ̀n méjì-méjì ló wà lẹ́nu wọn, ara wọn sì mọ́ gaara débi pé èèyàn lè ka eegun wọn.

"Bàbá, ẹ̀bùn yín nìyí. Odò ọ̀hún ni wọ́n ti kó wọn. Àmọ́ wọn kì í..."

"Ìwọ ni o fẹ́ kọ́ mi ní ẹja? Mo rí irùngbọ̀n, mo rí eegun. Àrọ̀ ni!"

Adéròkú gbé ìgò náà kalẹ̀ fún un, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú òkun.

Ta ni kò mọ àrọ̀? Èyí tó tóbi a máa gbé kékeré mì. Ṣówándé fẹ́ràn ẹja wọ̀nyí dénú, kò sì fẹ́ kí ọ̀kan jẹ èkejì. Ó wá àwo méje, ó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú tirẹ̀, ó ń gé ekòló fún wọn.

Wọn kò jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kan kú, ara tó mọ́ gaara sì funfun bí ẹ̀kọ. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, ó ku méjì. Oorun kò kun Ṣówándé mọ́.

Mosún wá kí i. Ó wo àwo wọ̀nyẹn títí.

"Bàbá, wọn kì í dá gbé. Ohun tí ọkọ mi fẹ́ sọ nìyẹn, ẹ gbọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu."

Ṣówándé dìde. Ó da méjèèjì pọ̀. Wọ́n súnmọ́ ara wọn, wọ́n kọjú síbì kan náà. Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n jẹun.

Lọ́jọ́ tí Adéròkú dé, Ṣówándé fúnra rẹ̀ ló lọ pàdé rẹ̀ ní ebúté, ohun tí kò ṣe rí, ó gbé àwo náà dání.

"Àna mi, mo ti pa márùn-ún. Eegun wọn ni mo rí, n ò mọ̀ wọ́n." Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Jókòó tì mí. Parí ọ̀rọ̀ rẹ ọjọ́sí."

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá wo ọmọlàkejì lẹ́ẹ̀kan tó ní òun ti mọ̀ ọ́n tán, àwọn ará ebúté wa a ní kó rọra: rírí eegun ẹja kọ́ ni mímọ ẹja.