Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọkọ̀ Ìfaradà

Dúró ná, ìwọ tó ń kánjú kọjá lọ. Gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o fetí sí mi, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ àti tèmi ni.

Ní ìlú Arárọ̀mí, ọkùnrin kan wà tí gbogbo ayé ń pè ní Tíṣà Gbọ́yèga. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká, ó wá ku òun àti Ìyá Ìtùnú, ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Màmá Dọ́káàsì, ìyá tó bí i lọ́mọ. Ohun tí Tíṣà fi ń najú ni kí ó máa ṣe ọkọ̀ kéékèèké. Kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń fi okùn wọ́ kiri o! Bí ọkọ̀ kan bá wù ú, yóò wọ̀n ọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn. Íǹṣì kan lórí tábìlì rẹ̀ yóò sì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan lójú títì. Páànù agolo mílíìkì ni ara ọkọ̀, sílípáàsì tó ti gbó ni táyà, ike ìgò omi ni gíláàsì iwájú. Yóò fi sáńpépà fá a, yóò kùn ún, yóò jẹ́ kí ó gbẹ, yóò tún fá a, yóò tún un kùn. Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ gidi bá ń ṣí, tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣí.

“Bàbá Ìtùnú,” ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí, “gbogbo agolo ilé yìí ló ti di mọ́tò tán. Ọjọ́ wo lẹ máa fi ọ̀kan gbé mi lọ sọ́jà?”

“Ìwọ ṣáà dín ara kù,” ni Tíṣà yóò dáhùn, “kí n lè rí ibi fi ọ́ sí.”

Màmá Dọ́káàsì yóò rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́, iyè rẹ̀ sì pé. Nígbà tó yá ni ìgbàgbé wọlé tọ̀ ọ́. Ó gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó gbàgbé ọ̀nà láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé. Àjàgbé, oríkì tí òun nìkan fi ń pe Tíṣà, kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. “Bàbá” ló ń pè é, bí ẹni ń kí àlejò. Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò tíì gbàgbé. Bàbá Jeremáyà, ọkọ rẹ̀ tó ti sùn nínú Olúwa, ló wa bọ́lẹ̀kájà kan nígbà ayé rẹ̀, tí wọ́n kọ ÌFARADÀ sí iwájú orí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá a máa bèèrè pé, “Jeremáyà ò tíì dé? Mi ò gbọ́ fèrè ọkọ̀.”

Ní ọjọ́ kan, níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́, Tíṣà dá orúkọ bàbá rẹ̀, ó ń dúpẹ́ nítorí rẹ̀. Màmá gbé orí sókè.

“Ta ni Jeremáyà?”

Ọ̀rọ̀ náà gún Tíṣà dé egungun. Kò lè ṣe àmín àdúrà náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, “Bàbá mi ọ̀run, mi ò bẹ̀ Ọ́ pé kí O la ojú ìyá mi. Jẹ́ kí ó mọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó lọ bá a. Ojú rẹ̀ kò ríran, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Fún èmi náà ní ọwọ́ tí màá fi ṣe é.” Ó dìde, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ Ìfaradà.

Kò sí fọ́tò tí yóò máa wò. Inú orí rẹ̀ ló ti ń yọ ọ́. Àjíbádé káfíńtà fún un ní pákó pẹlẹbẹ tí ó fi ṣe orùlé àti bẹ́ǹṣì èrò. Ó ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tí a fi ń gbé e kọ́. Ó ṣe fèrè olórí rọ́bà. Orùlé àkọ́kọ́ tẹ̀. Ó já a dànù, ó ṣe òmíràn. Gọ́ọ̀mù kò mú nínú ọ̀rinrin òjò. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún un lẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó sinmi, a ní, “Bí ìyá mi bá ń sáré lọ, ṣé èmi ni màá jókòó?”

Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ọ́mọ̀ fò.

Ìfaradà gidi ní àléébù. Mọ́gáàdì rẹ̀ ti apá ọ̀tún, páànù tó bo táyà iwájú, wọ inú, ó jìn bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín, Bàbá Jeremáyà kò sì gbà kí panẹbítà kankan fọwọ́ kàn án títí ó fi kú. Bàbá náà ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún pẹ̀lú. Nígbà tí Tíṣà wà ní kékeré, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa tò tẹ̀lé e, wọn a máa kọrin pé, “Ọkọ̀ wọn wọ lẹ́rẹ̀kẹ́, dírẹ́bà wọn ń tiro!” Ó bi bàbá rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọkọ̀ mi gbá nǹkan ni.” Ìtìjú orin yẹn kò tán lára Tíṣà. Nígbà tó dórí mọ́gáàdì, ó ní nínú ara rẹ̀ pé, “Èmi ni màá tún ọkọ̀ bàbá mi ṣe.” Ó ṣe é róbótó, ó kùn ún, ó ń dán gbinrin.

Ọjọ́ tó parí rẹ̀, Àjíbádé patẹ́wọ́. “Tíṣà! Ẹ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, mò ń lọ Ìbàdàn!”

Wọ́n gbé e lé Màmá lórí itan. Ọwọ́ rẹ̀ rìn lórí orùlé, ó rìn lórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ fèrè. Ó kọjá mọ́gáàdì òsì. Nígbà tó dé ti ọ̀tún, ó dúró. Ìka rẹ̀ ń yí po níbẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó padà délé tí kò bá ilẹ̀kùn níbi tó fi í sí.

“Ọkọ̀ tó dára ni,” ni Màmá wí. “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ti ta ni?”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Àjíbádé. Ìyá Ìtùnú ní, “Ẹ má banú jẹ́. Ọjọ́ orí ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ká máa wò ó.”

Ìka ìyá rẹ̀ ni Tíṣà ń wò. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ kúrò lórí itan, síbẹ̀ ìka náà ṣì ń yí po lórí ìró aṣọ rẹ̀, ó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ó yé e. Ó sì dùn ún, nítorí kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó èyí rí. Ó jókòó tì í, ó ń bá ọkàn ara rẹ̀ jà. Nígbà náà ni ó rántí Olùgbàlà rẹ̀. Ikú kò lè dè É mọ́lẹ̀, òkúta ibojì kò lè dí I lọ́nà, síbẹ̀, nígbà tó jí dìde, kò pa ojú ìṣó rẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀. “Ta wá ni èmi,” ni Tíṣà wí, “tí mo fi ń kun àpá bàbá mi mọ́lẹ̀?”

Ó kọ́kọ́ dán an wò lára agolo mìíràn. Ó fi ìdí ṣíbí tẹ̀ ẹ́, ó gé. Ó fi òòlù lù ú, ó ya. Nígbà tó mú òkúta láti ẹ̀yìnkùlé ni ó tó jọ.

“Bàbá Ìtùnú!” Ìyá Ìtùnú ké. “Ṣé kò sí o? Iṣẹ́ tó gbà yín ní odidi ìgbà òjò!”

“Di ẹ̀yìn rẹ̀ mú fún mi dáadáa, kí bẹ́ǹṣì má baà yọ.”

Ìyàwó rẹ̀ ń ráhùn, ṣùgbọ́n ó dì í mú. Tíṣà gbé òkúta lé mọ́gáàdì, ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dà sán. Páànù wọ inú. Kò tún un kùn.

Nígbà tí ọwọ́ Màmá dé ibẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ìka rẹ̀ bọ́ sínú kòtò náà, ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

“Àlàó,” ni ó wí. “Àlàó ọkọ mi. Jeremáyà, o ti dé.”

Tíṣà kúnlẹ̀. “Màámi, kí ni ọkọ̀ náà gbá?”

“Òkúta ni. À ń sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè Aṣálú, bíréèkì já. Èrò kún ẹ̀yìn, wọ́n ń pe Jésù. Òkúta wà lápá òsì, òkúta wà lápá ọ̀tún. Èmi ni mo jókòó lápá òsì rẹ̀ níwájú, oyún mi ti wọ oṣù rẹ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó wá yí sítiárì sápá ọ̀tún.”

Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ ayé àtijọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni sítiárì wọn wà. Ẹ̀gbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ni Jeremáyà fi fún òkúta.

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́,” ni Màmá ń bá a lọ, “ṣùgbọ́n ó ní kí n má sọ fọ́mọ náà, kí ó má baà gbé ẹrù rẹ̀ sórí.”

“Ọmọ wo, Màámi?”

“Àjàgbé ni.” Ó na ọwọ́ kejì, ó wá orí Tíṣà rí. “Àjàgbé, ṣé ìwọ lò ń sunkún yẹn?”

N kò ní purọ́ fún ọ: ìgbàgbé náà tún padà. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ìka Màmá bá bọ́ sínú kòtò yẹn, orúkọ méjèèjì a jáde, ti ọkọ àti ti ọmọ, títí ọjọ́ tí Olúwa fi pè é sílé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìsìnkú rẹ̀, Tíṣà gbé ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orin ìtìjú ìjọ́sí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ níwájú ìjọ, ó sì sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ojú kan kò gbẹ níbẹ̀.

Ìwọ náà ńkọ́, tí o ń fi bàbá tó ń tiro pamọ́ fún ọ̀rẹ́, tí o ń fi ọ̀dà kun ibi tí Ọlọ́run ti gbà ọ́ là? Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Arárọ̀mí ti ń pa á lówe pé, ẹni tó pa àpá rẹ́, ìtàn ló pa rẹ́. Jọ̀wọ́, gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀.