Káàdì Ìkẹ́dùn Tí Ẹni Tó Ṣe É Kò Mọ̀

Obìnrin kan wà ní ìlú kan, pépà ló ń gé jẹun. Ó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, káàdì ìkómọjáde àti káàdì ìkẹ́dùn. Kò ní ẹ̀rọ kankan. Àlùmọ́gàjí kan, rúlà kan, gọ́ọ̀mù àti íńkì ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ìyá àgbàlagbà tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún. Ọ̀gá yìí ní ọ̀nà kan tó ń gbà ṣe káàdì. Pépà a funfun, etí rẹ̀ a ní àwọ̀ wúrà, òdòdó kékeré kan a sì wà ní igun ọ̀tún lókè. Kì í lo àwọ̀ mìíràn. Ọ̀nà náà dára, nítorí ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló wá a títí tó fi rí i, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà gba òmìnira, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì ìlú, ọ̀nà yẹn náà ló gbé lọ. Òdòdó ọ̀gá rẹ̀ ló ń gé. Ìlà ọ̀gá rẹ̀ ló ń fà. Kódà bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń tẹ ìrù lẹ́tà ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí a bá kó káàdì àwọn méjèèjì papọ̀, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ènìyàn ń yìn ín nítorí èyí. Wọ́n ní ó mọ iṣẹ́, ó gbẹ̀kọ́. Òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé ọwọ́ rẹ̀ a máa ṣe é, ọkàn rẹ̀ a sì ti lọ síbòmíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọlọ́kadà kan fi àpò ìwé kan sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Olóyè Oyèwùsì, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni jáde. Àkọ́bí Olóyè ló ṣí i. Ohun tó kọ́kọ́ kà níbẹ̀ ni pé: "Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni a fi ń kéde ìpapòdà bàbá wa, Bàbá Oyèwùsì."

Bàbá rẹ̀ sì wà nínú ilé, ó ń mu ẹ̀kọ.

Ó fẹ́ fi ìwé náà pamọ́, ṣùgbọ́n Olóyè ti rí ojú rẹ̀. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Olóyè gbà á, ó ka ìlà àkọ́kọ́, káàdì náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fìdí jókòó sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ tẹ́ sórí ibùsùn. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun tún bí i nínú. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé ẹnì kan fi ìwé òkú ránṣẹ́ sí alààyè.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹni tó bá pe alààyè ní òkú, a kì í bi í bóyá eré ló ń ṣe.

Ẹni tó gbé ìwé náà wá ti lọ, wọ́n bá ń wá ẹni tó ṣe é. Pépà funfun, etí wúrà, òdòdó ní igun ọ̀tún. Ẹni méjì péré ló ń ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá, wọ́n ránṣẹ́ pe obìnrin náà, wọ́n mú wọn dúró ní àgbàlá Olóyè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé yí wọn ká. Àwọn kan mú igi lọ́wọ́.

Àkọ́bí Olóyè gbé káàdì náà sókè. "Ta ló ṣe eléyìí nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Obìnrin náà gbà á, ó wò ó. Ó rí bí gbogbo káàdì ṣe ń rí. Kò rántí rẹ̀ rárá. "Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́. N kò mọ̀ ọ́n rí."

"Búra."

Ó yọ àlùmọ́gàjí rẹ̀ láti inú àpò, ó fi ẹnu kàn án. "Bí mo bá mọ káàdì yìí, kí irin tí mo fi ń jẹun bá mi jà."

Ojú gbogbo ènìyàn wá yí sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ìyá náà yí káàdì náà sí ìhín, ó yí i sí ọ̀hún. Ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Ẹ fèsì, Ìyá."

"Ọmọ mi, n kò lè búra. Ó jọ tèmi. Mo ti dàgbà, mo máa ń gbàgbé. N kò ní fi ẹnu kan irin lórí ohun tí kò dá mi lójú."

"Ó ti jẹ́wọ́!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

Ìyàwó Olóyè, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ kò tíì kà á tán. Ẹ ka èyí tó kù."

Àkọ́bí kà á sókè. "Ó lo ọdún méjìlélọ́gọ́rin lókè eèpẹ̀. Ó fi opó kan àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé lọ. Ìbejì ni àbíkẹ́yìn rẹ̀."

Dípò kí èyí là wọ́n lójú, ńṣe ló tún dá kún un. "Àwa mẹ́rin ni bàbá wa bí!" ni àkọ́bí ń pariwo. "Wọ́n pa á tán, wọ́n tún ń bímọ àlè fún un!" Ẹnì kan ti ọ̀gá ní èjìká, gèlè rẹ̀ já bọ́. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá, ẹlòmíràn ní kí ni wọ́n ń pe ọlọ́pàá fún.

Ọ̀rọ̀ náà, ìbejì, ni obìnrin náà ṣì ń gbọ́. Ìgbà náà ló rántí. Íńkì ló tàn sára ọ̀rọ̀ yẹn, tó fi ṣóńṣó àlùmọ́gàjí họ ọ́, tó sì tún un kọ. Ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ wú ló wá bá a láti Abà Olórombó, ó ní kí ó bá òun ṣe mẹ́rìnlá. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀, obìnrin náà sì ń sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́," bẹ́ẹ̀ páànù tó ń jò nílé ló ń rò. Ó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ní ọ̀sán kan. Kò wo ọ̀kankan nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ni wọn yóò mú lọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò ní ó fi irin búra èké, àwọn tó mú igi lọ́wọ́ kò sì jìnnà sí i. Ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mú gèlè nílẹ̀. Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ tẹ etí gèlè náà, kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Èmi ni mo ṣe é."

Àkọ́bí Olóyè yí sí i.

"Irin tí o fẹnu kàn ńkọ́?"

Ó kúnlẹ̀. "Mo fẹnu kàn án pé n kò mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni mo sọ. Ọwọ́ mi ló ṣe é, èmi gan-an kò sí níbẹ̀. Ẹ̀bi tí mo jẹ nìyẹn."

Ó sọ nípa Abà Olórombó, ó sọ nípa ọkùnrin náà. Àkọ́bí kò gbà á gbọ́. Ó ní kí ẹni méjì gun ọ̀kadà lọ wò, kí obìnrin náà má sì dìde lórí ìkúnlẹ̀ títí wọn yóò fi dé. Oòrùn mú. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. Ọ̀gá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò bá a wí, kò sì tù ú nínú. Ó kàn jókòó tì í ni.

Nígbà tí òjìji ògiri ti gùn, ọ̀kadà dé. Ọkùnrin náà wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Bó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà Olóyè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bàbá mi ló kú. Oyèwùsì ni orúkọ tiwọn náà. Kí wọ́n tó dákẹ́, wọ́n ní kí a má gbàgbé láti sọ fún ẹni tí àwọn jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ní ìgboro. Mo ní kí ọlọ́kadà ṣàlàyé bí ó bá dé ọ̀dọ̀ Olóyè. Èmi kò mọ̀ pé ńṣe ló sọ ọ́ sílẹ̀."

Olóyè ti jáde. Ó di ara ògiri mú. "Oyèwùsì ọlọ́sàn? Èyí tí a jọ lọ sílé ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Olóyè jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó sunkún bí ọmọdé. "Ọ̀rẹ́ mi kú, a sì wà níbí láti àárọ̀, à ń jà." Nígbà tó nu ojú tán, ó yí sí obìnrin náà. "Ìhìn tèmi ni o kọ síbẹ̀, mo sì pè é ní èpè. Bí o bá fi ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ọ̀rẹ́ mi sínú ìwé yìí, ì báà ṣe àwọ̀ ọsàn lásán, ǹ bá ti mọ̀ pé òun ni."

Obìnrin náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde. Lọ ṣe òmíràn, tí n ó fi ránṣẹ́ sí opó rẹ̀. Bí o bá gbé e dé, n ó bi ọ́ pé ta ló ṣe é. Kí o rí i pé o lè dáhùn."

Ó jókòó ti iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì. Kí ó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gé òdòdó, ó ti ń gbé e lọ sí igun ọ̀tún. Ó fà á ya. Ó wá mú gbogbo àwọ̀ tó wà lọ́jà, pupa, búlúù, olómi ọsàn, ó lẹ̀ wọ́n papọ̀. Ó dà bí ìsọ̀ oníke. Ó fà á ya. Ẹ̀rù wá bà á gidi, nítorí ó rí i pé láàárín òun àti ọ̀nà ọ̀gá òun, kò sí nǹkankan tó jẹ́ tòun.

Ló bá dìde, ó lọ sí Abà Olórombó. Opó náà mú un yí oko ká. Obìnrin náà ní òun ń wá àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Opó rẹ́rìn-ín nínú ọ̀fọ̀ rẹ̀. "Ọsàn tiwa kì í pọ́n lára, ọmọ mi. Ó ti dùn tán, ara rẹ̀ ṣì tútù yọ̀yọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò ní kò tíì gbó."

Ó padà sílé. Ó gé pépà àpò sìmẹ́ǹtì, èyí tó pọ́n bí eèpẹ̀, ó fi ṣe ara káàdì. Ó po aró pọ̀ mọ́ omi ata-ilẹ̀ pupa tó ní àwọ̀ ìyeyè láti rí àwọ̀ ewé. Àkọ́kọ́ dán jù, bí aṣọ ilé ìwé. Ìkejì kú, bí omi adágún. Ó ń pò ó, ó ń sá a sóòrùn, ó ń dà á nù. Ní ìgbà kẹfà, ó rí àwọ̀ kan, inú rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó fi kun pépà, ó gé ewé ọsàn mẹ́ta nínú rẹ̀, ó lẹ̀ wọ́n sí ìsàlẹ̀, níbi tí ewé máa ń já bọ́ sí. Ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó dagun díẹ̀, bó ṣe ń kọ ọ́ kí ó tó kọ́ṣẹ́.

Nígbà tó gbé e dé, Olóyè gbà á, ó wò ó.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí ewé kan ní ihò?"

"Kòkòrò ló jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a lórí igi tí ọ̀rẹ́ yín gbìn. N kò fẹ́ parọ́ mọ́ igi náà."

Olóyè fi ìka tọ́ ihò náà. Ó wá ní kí wọ́n gbé e lọ fún opó náà.

Ọ̀gá náà gbọ́, ó sì ní kí wọ́n gbé e gba ọ̀dọ̀ òun kọjá kí òun lè rí i. Ó wò ó, ó mi orí. Ó sọ fún obìnrin náà, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, pé, "Èmi kò ní ṣe é báyìí láéláé. Ewé oníhò! Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e síwájú mi ní àgbàlá ẹnikẹ́ni, n ó búra pé tìrẹ ni, ọkàn mi kò sì ní gbọ̀n."

Ọmọ mi, ìwọ ni mo ń fi ìtàn yìí bá wí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ìwọ ni yóò dúró lórí àga ìwàásù tí mo ti dúró fún ọgbọ̀n ọdún. Mo gbọ́ ọ lánàá nínú yàrá tí o ti ń múra ìwàásù rẹ sílẹ̀. Ohùn mi ni mo gbọ́. Bí mo ṣe ń dánu dúró ni o ń dánu dúró. Kódà ikọ́ mi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara rẹ le. Inú mi kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí.

Ohun tí mo ń sọ lórí àga náà, mo sọ ọ́ nítorí àwọn tó jókòó síwájú mi nígbà náà. Púpọ̀ nínú wọn ti sùn nínú Olúwa. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti ẹnu rẹ jáde tó gún ẹnì kan lọ́kàn, tó wá bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi sọ ọ́, ta ni wàá ní ó sọ ọ́? Má ṣe nàka sí mi. N kò ní sí níbẹ̀.

Ìyá tí ọkọ rẹ̀ kú ní oṣù tó kọjá yóò jókòó sí ìlà kejì, lápá òsì. Nígbà tí o bá dé ibi tí mo ti máa ń ní kí opó má sunkún mọ́, gbé ojú rẹ kúrò lórí ìwé, kí o wò ó. Bí o kò bá lè sọ ọ́ lójú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tìrẹ, pa ẹnu mọ́, kí o sì sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó tì í.