Ọlọ́jà Adéọ̀tí àti Ẹ̀rọ Tó Ń Pín Omi

Ẹnu-kan-kì-í-sọ-ti-ìlú-tán, Ará-òkè-kò-mọ-bí-ìsàlẹ̀-ti-gbẹ: àwọn awo wọ̀nyí ló dífá fún Adéọ̀tí, obìnrin tó jẹ Ọlọ́jà, oyè ọba ìlú Ìdómọ̀rọ̀, lọ́jọ́ tó ń sunkún pé ìlú fẹ́ tú mọ́ òun lórí.

Odò kan ṣoṣo ni Ìdómọ̀rọ̀ ní. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ilé ń lò ó, àwọn obìnrin amọ̀kòkò Ìsàlẹ̀-Odò náà ń lò ó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ìjà ni. Ìjà yìí sú Adéọ̀tí. Ó ránṣẹ́ pe àwọn onímọ̀ láti ìlú ńlá, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá kan wá tí yóò máa pín omi. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ilé tó sún mọ́ ààfin nìkan ni wọ́n bi léèrè ohun tí ìlú ń fẹ́. Èyí tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òkè-Ilé ń rí omi, Ìsàlẹ̀-Odò gbẹ. Amọ̀ le bí òkúta. Bí àwọn amọ̀kòkò bá wá ráhùn láàfin, èsì kan náà ni: "Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n ń di ẹrù wọn, wọ́n ń kúrò nílùú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Adéọ̀tí kì í ṣe ìkà. Ó rò pé ohun tí kò lẹ́bí kò lè ṣègbè ni. Ṣùgbọ́n bó bá ń kọjá, àwọn ènìyàn á yíjú sápá kan. Ó dùn ún wọra. Ló bá tọ àwọn awo lọ.

Wọ́n ní ire ń bẹ fún un. Wọ́n ní kó rúbọ: ẹyẹlé, obì, àti kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ. Kọ́kọ́rọ́ náà, kó gbé e lé ọwọ́ àwọn tí omi kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó rú ẹyẹlé. Ó rú obì. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó ní bí òun bá gbé e sílẹ̀, kí ló kù tí òun fi jẹ Ọlọ́jà?

Ẹbọ kò fín. Kò pẹ́ ni Abọ́sẹ̀dé àgbà, olórí àwọn amọ̀kòkò, tó pọn Adéọ̀tí ní kékeré, wá dágbére.

"Ìyá, ẹ̀yin náà?"

"Kábíyèsí, òùngbẹ nìkan kọ́ ló ń lé wa lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ wá, a máa ń rí i bá wí. Èyí tó ṣẹ̀ wá yìí, ta la fẹ́ bá wí?"

Omi bọ́ lójú Adéọ̀tí. Ọlọ́jà kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó kúnlẹ̀. Ó tú kọ́kọ́rọ́, ó fi lé ìyá náà lọ́wọ́.

Àwọn onímọ̀ fárígá. Wọ́n ní, "Kábíyèsí, ẹ̀rọ yìí ju òye wọn lọ."

Ó ní, "Bó bá ju òye wọn lọ, kò gbọdọ̀ dájọ́ wọn."

Ni Èṣù bá gbè é. Ó rọ àwọn àgbẹ̀ lọ́kàn. Òkè-Ilé àti Ìsàlẹ̀-Odò jókòó pọ̀, wọ́n tún ẹ̀rọ náà kọ́. Wọ́n ní kó máa dámọ̀ràn, kó sì máa sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó jiyàn. Ènìyàn ni yóò máa fẹnu ọ̀rọ̀ jóná.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà mú, omi kò sì tó. Síbẹ̀, àwọn tó lọ ń padà bọ̀. Bí àlejò bá béèrè ẹni tó pín omi, wọn a ní, "Àwa ni."

Adéọ̀tí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awo. Wọ́n ní Ifá ni kó dúpẹ́ fún. Ifá ní ẹni tó rú èyí tó rọrùn, tó fi èyí tó ń dùn ún pamọ́, kò tíì rúbọ. Adéọ̀tí rú u pé, ire sì wọlé tọ̀ ọ́.