Ìdí Tí Ọ̀nà Márosẹ̀ Fi Ń Gba Inú Òkè Kọjá

Nígbà láéláé, nígbà tí ọ̀nà ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ọ̀nà kan wà nílẹ̀ Jàpáànù tó máa ń ti etí òkun lọ sí ìlú ńlá tó wà lẹ́yìn òkè.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀nà yìí mọ èèyàn kí! Bó bá rí ìyá ọlọ́mọ tuntun, á yà kí i. Bó bá rí ẹni tó ń gbin ìrẹsì, á yà, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Abájọ tó fi rí wọ́gọwọ̀gọ nígbà náà.

Ilé tó fẹ́ràn àtiyà sí jù lọ ni ti Ìyá Kínúe, ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Kínúe, lórí òkè náà. Opó ni, kò bímọ, kò sì ní aládùúgbò. Lójoojúmọ́ ló ń tẹ́ ẹní síta, tí á gbé tíì kaná de Ọ̀nà.

"Ọmọ mi, bí o kò bá yà," á ní, "ta ni n ó bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi? Kí n má yà kí yín? Ká má rí i o!"

Lọ́jọ́ kan, Baba Tokúsò, olórí àwọn apẹja, gbé ẹja lé Ọ̀nà léjìká pé kó gbé e lọ sí ìlú ńlá. Kí Ọ̀nà tó kí gbogbo ayé tán, ẹja ti rà. Ni inú bá bí baba náà.

"Ẹnu rẹ ló ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ ò rìn! Kí la ó tà? Kí lọmọ wa ó jẹ?"

Gbogbo etí òkun bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Ọ̀nà, ó fi ìbínú pariwo pé, "Láti òní lọ, bí mo bá tún yà síbì kan, kí koríko bò mí!"

Hàà! Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ó gbé ẹja tuntun, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ló ti máa ń yà lọ sílé Ìyá Kínúe. Ó gbẹ́sẹ̀ kan láti yà, koríko hù lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Kíá ló fà á padà.

"Òkè, ẹ gbà mí!"

"Ta ló ní kí o búra?" ni Òkè wí. "Bí o bá yà, o kú. Bí o bá dúró, ebi á pa ọmọ àwọn apẹja. Inú mi nìkan ló kù tí o lè gbà. Ṣùgbọ́n bí o bá wọ̀ ọ́, ìwọ àti ìyá yẹn ò ní fojú kanra mọ́."

Ọ̀nà sunkún. "Ẹ bá mi kí i."

"Èmi kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, ọmọ."

Òkè la ẹnu. Ọ̀nà wọ inú òkùnkùn lọ.

Lókè lọ́hùn-ún, Ìyá Kínúe jókòó sórí ẹní. Tíì tutù, ó tún un gbé kaná. Ó tún tutù. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó ká ẹní rẹ̀. "Bóyá lọ́la," ni ó wí. Ó dùn ún wọra.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà márosẹ̀ ti ń gba inú òkè kọjá, tí kì í yà kí ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ bá wọ ihò òkè, tí ẹ gbọ́ tí ibẹ̀ ń hó gùùù, ẹ má rò pé ọkọ̀ ni. Ọ̀nà ló ń ké pé, "Ìyá, mò ń kọjá o!" Ṣùgbọ́n òkè nípọn, ohùn náà kò sì jáde rí.