Bàbá Ìyàwó Tí Wọ́n Wá Tì Nínú Fọ́tò

"Onífọ́tò kì í sí nínú fọ́tò, ojú rẹ̀ la fi ń wò ó." Ṣé ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀ wá? Ní ìlú Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n léèrè orírun rẹ̀, ẹnu ara wọn ni wọ́n á máa wò. Ẹlòmíì tilẹ̀ sọ fún mi pé òyìnbó ló kọ́kọ́ pa á. Òyìnbó wo? Ọjọ́ ìdána ni wọ́n ti rí ìdí rẹ̀, níwájú ilé kan tí mo mọ̀ dáadáa, inú mi sì máa ń dùn ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Nígbà tí fíìmù ṣì ń wà nínú kámẹ́rà, tí a máa ń dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí fọ́tò tó jáde, ọkùnrin kan wà ní Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n ń pè ní Ládépò Onífọ́tò. Kò sí ìgbéyàwó tí kò yà. Ó lójú iṣẹ́, ó sì lẹ́nu: bó bá ti pariwo "Ẹ má mira!", ọmọ ọwọ́ pàápàá á dákẹ́. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò lè gbé kámẹ́rà rẹ̀ fún ẹlòmíì láé.

Nígbà tí Morádékẹ́, àkọ́bí rẹ̀, ń lọ sílé ọkọ, bàbá ìyàwó ló ya gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà. Fọ́tò náà dára kọjá sísọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tan iná wá bàbá ìyàwó níbẹ̀, ẹ kò lè rí i. Lọ́dún kejì, tí wọ́n ń ṣe ìkómọ nílé Morádékẹ́, àlejò kan ṣí álíbọ́ọ̀mù náà wò títí, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó mà ṣe o! Ọmọ yìí kò ní bàbá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún bàbá náà." Ládépò wà nínú yàrá kejì, ó ń jẹ iyán. Òkèlè fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rín in. Ìbídùnní, àbúrò Morádékẹ́, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ro ọmọ tí òun náà máa bí lọ́jọ́ kan, tí onítọ̀hún á ṣí fọ́tò ìyá rẹ̀, tí kò ní rí bàbá-àgbà rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ kan sí ìdána tirẹ̀, ó kúnlẹ̀ bẹ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀ lọ́jọ́ tèmi. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá wà nínú rẹ̀ ti tó mi."

"Kí n gbé e fún ta? Ṣé Sùnmọ́nù tó gé orí Baálẹ̀ kúrò nínú fọ́tò ìwúyè rẹ̀? Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Màá wá nǹkan ṣe sí i."

Ẹni tó bá mọ Ládépò mọ̀ pé kò ní wá nǹkan kan ṣe.

Ọjọ́ pé. Háà, ọjọ́ náà dùn! Ládépò ká agbádá lé èjìká, ó ń sáré síwá sẹ́yìn, ó ń gun àga, ó ń lóṣòó. Wọ́n ka lẹ́tà ìdána, ó yà á. Wọ́n gbé oyin wá, wọ́n gbé àádùn wá, ó yà á. Nígbà tí ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí wọ́n dìde kí wọ́n tún dọ̀bálẹ̀, nítorí ẹnìkan ti mira. Wọ́n sì tún dọ̀bálẹ̀! Àna kì í bínú lọ́jọ́ ìdána.

Ó wá kan àdúrà òbí. Ìbídùnní àti Olúsínà, ọkọ rẹ̀, kúnlẹ̀ lórí ẹní. Ìyá ìyàwó gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ó gbàdúrà, Ládépò yà á. Ó yẹ kámẹ́rà wò: ẹyọ kan ló kù nínú fíìmù, kò sì sí òmíràn nílé.

"Bàbá ìyàwó dà?" ni alága ìdúró, obìnrin tó ń darí ètò náà, ké. "Bàbá wa, ẹ wá súre fọ́mọ yín o!"

Ládépò kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi súre, kí n lè rí i yà dáadáa."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló máa ń yá ẹnu ẹlòmíì súre fọ́mọ ara rẹ̀, nígbà tí òun alára kò yadi? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Ayọ̀ọlá, kò mọ̀ bóyá kóun dìde tàbí kóun jókòó.

Ìbídùnní ló dìde. Ó fún ìró mọ́dìí, ó ṣí ìbòjú sẹ́yìn, ó rìn lọ bá bàbá rẹ̀, ó sì bọ́ okùn kámẹ́rà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa kámẹ́rà náà.

"Ìbídùnní, ẹyọ kan ló kù o!"

"Ẹyọ kan náà ni mo fẹ́, Bàbá. Ẹ lọ dúró nídìí ẹní."

Ó lọ. Ọkùnrin tó ti ń bá àwọn èèyàn to ọwọ́ fún ọgbọ̀n ọdún kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ tirẹ̀ sí.

"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ máa súre fún mi. Ẹ má mira!"

Ẹ̀rín sọ láàárín èrò. Ládépò na ọwọ́ síbi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí, ó ní, "Ìbídùnní, bí o ṣe ń múnú mi dùn, ọmọ tìrẹ náà á múnú rẹ dùn…" Ibẹ̀ ni Ìbídùnní ti tẹ kámẹ́rà. Ariwo ayọ̀ gba àdúgbò! Fíìmù tán. Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó padà kúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó sì súre títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ya ìyẹn.

Nígbà tí fọ́tò jáde, Bàbá Ayọ̀ọlá ló gbé e lọ sílé ọkọ. Bàbá ìyàwó wà nínú rẹ̀ gbangba, ó na ọwọ́, ẹnu rẹ̀ là. Olúsínà nìkan ló kúnlẹ̀ lórí ẹní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ìyá ọkọ fajú ro. "Ìyàwó dà? Ẹni tó bá wò ó á ní ọmọ mi nìkan ló ṣe ìdána!"

Bàbá Ayọ̀ọlá gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Onífọ́tò kì í sí nínú fọ́tò, ojú rẹ̀ la fi ń wò ó. Ẹ wo ojú àbúrò mi níbí dáadáa. Ta lẹ rò pé ó ń wò báyẹn?"

Ìyá ọkọ tún wo fọ́tò náà. Kò bèèrè ìyàwó mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ hàn tí òun fúnra rẹ̀ kò hàn: ìyá tó wà nídìí iná nígbà tí àlejò ń jẹun, ẹ̀gbọ́n tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí àbúrò lè lọ. Àwọn kan a máa gé e sí méjì, wọ́n á mú apá kìíní, wọ́n á máa fi ráhùn kiri pé àwọn kò sí nínú fọ́tò. Ẹ má dá wọn lóhùn. Òwe ọpẹ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ pa á tán.